Ìbéèrè Lórí Irin

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi wa tíráàmù aláwọ̀ búlúù
ní ìlú Zagreb, láti Črnomerec dé etí odò Sava.
Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà.
Èmi tí irin ń fà lọ, tí irin ń fà bọ̀,
níbo ni n ó ti ṣìnà?
N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kan.

Nígbà tí Tihana, ọmọ kan ṣoṣo tí Nevenka bí fún mi,
wọlé tó ní fìlọ́sọ́fì lòun yóò kà ní yunifásítì,
ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà.
Mo ní, "Ìmọ̀ ọgbọ́n orí? Ta ló ń san owó oṣù fún orí?
Ọmọ Dražen ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín,
kò sí ọjọ́ tí eyín kì í dun ará Zagreb.
Ìwọ, kí ni yóò máa dun àwọn èèyàn
tí wọn yóò fi wá ọ wá?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìbéèrè gidi nìyẹn."
Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ní ọdún kejì, ó gbé àlọ́ kan wálé lóru yìnyín:
Tíráàmù kan ń sáré bọ̀, bíréèkì rẹ̀ ti já,
èèyàn márùn-ún wà lórí irin, ẹnì kan wà lórí irin kejì.
Awakọ̀ lè yà. Ṣé kó yà?
"Kíláàsì wa pín sí méjì," ló wí, ojú rẹ̀ ń dán.
Mo dìde. Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò kúkú mọ̀. A kò sọ fún un rí.
Ní oṣù kejì, ọdún tí a bí i, lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́,
ọkùnrin kan tó gbé àpò ọsàn
wo òsì, kò wo ọ̀tún.
Mo tẹ bíréèkì. Mo lu aago.
Ọsàn yí káàkiri orí yìnyín, ó pọ́n yòò.
Kò sí irin kejì. Kò sí ẹni tó ní kí n yàn.
Ilé-iṣẹ́ ní n kò jẹ̀bi, wọ́n fún mi ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta,
ni mo bá padà sórí irin kan náà.

Òru yẹn ni mo sọ ọ́ fún un.
Kò kí mi kú àjálù. Ó dákẹ́ títí omi fi hó gbẹ nínú ìkòkò,
ó wá béèrè, wẹ́rẹ́:
"Bí o kò bá jẹ̀bi, Bàbá,
kí ni ohun tí o ń rù láti ọjọ́ náà? Kí ni orúkọ rẹ̀?"
Ogún ọdún. Mo ti rí dókítà, mo ti rí àlùfáà,
ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀.
A wá orúkọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, a ò rí i.
Ṣùgbọ́n ẹrù tí èèyàn méjì jọ tẹjú mọ́
kì í wúwo bí èyí tí ẹnì kan ń dá gbé.

Kí n má purọ́: ó kàwé tán, ó ta bàtà fún oṣù mọ́kànlá.
Ọmọ Dražen ra mọ́tò. Mo rí mọ́tò náà, ó dára.
Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan tó ń ṣe tíráàmù tí kò ní awakọ̀
ń wá ẹni tí yóò bá wọn jókòó kọ òfin rẹ̀:
ìgbà wo ni kó dúró, ta ni kó dá sí.
Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan.
Tihana ṣí ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó bi wọ́n:
"Bí kò bá sí awakọ̀ níbẹ̀, ta ni kò ní rí oorun sùn?"
Yàrá náà pa lọ́lọ́.
Wọ́n ṣì ń wá ìdáhùn títí dòní,
oṣooṣù ni wọ́n sì ń sanwó fún un.

Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn báyìí,
mo sì ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì
ní ìlú tí mo mọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mi.
Lánàá, mo dá ọmọdé kan dúró, mo béèrè ọ̀nà.